Páálí ìwé ₦24,000 tí mo rà lórí WhatsApp, àti ìwé ₦1,200 tó yọ mí

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ nílé bíi tèmi, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí o, torí owó tó jáde lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá, mi ò fẹ́ kó jáde lọ́wọ́ ẹnì kankan mọ́. Ìwé ni mo rà. Ìwé tí màá máa kà sókè sétí ọmọ mi ọkùnrin. Àkànní ni màá pè é níbí, ọmọ ọdún 9 ni, ó ní dyslexia, ìyẹn ni pé lẹ́tà kíkà máa ń nira fún un gan-an, kò sì lè jókòó sójú kan fún ìṣẹ́jú 10 àfi tó bá ń tú nǹkan. A mú un kúrò níléèwé lọ́dún tó kọjá, mi ò ní sọ iléèwé wo, lẹ́yìn ọjọ́ tí tísà ní kó dìde kó kàwé síwájú gbogbo kíláàsì, ó dúró síbẹ̀ ó ń làágùn, àwọn ọmọ bá ń pè é ní olódo, tísà náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àtìgbà yẹn pálọ̀ wa ní Àkóbọ̀ ni kíláàsì.

Obìnrin kan tó ń tàwé lórí WhatsApp ni mo kọ́kọ́ kó sí lọ́wọ́. Ó ní òun ní páálí ìwé tí wọ́n dìídì ṣà fún àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń nira fún, ìwé 12, ₦24,000, owó ẹni tó máa gbé e wá lọ́tọ̀. Ó tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí mo bá kà á fún un lálaalẹ́ fún 90 ọjọ́, dyslexia á lọ. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sá. Dyslexia kì í ṣe ibà téèyàn máa lo oògùn sí kó lọ, bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń so lẹ́tà mọ́ ìró ni, wọ́n bí i mọ́ ọn ni, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Àbúrò bàbá ẹ̀ kan wà tó jẹ́ mẹkáníìkì ní Ìwó Road, ó lè dijú tú ẹ́ńjìnnì Micra kó sì tò ó padà, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kó bá yín ka sáínbọ́ọ̀dù, á ní òun gbàgbé gíláàsì òun sílé. Kò ní gíláàsì kankan. Mo mọ gbogbo èyí o, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí, mo sanwó.

Ọjọ́ kẹfà ni páálí dé. Mo kà wọ́n, ìwé 11. Mo ní bóyá mo ṣì í kà ni, mo tún un kà, 11 náà ni, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì jẹ́ ìwé tí ọmọdé ń fi kíráyọ́ọ̀nù kùn, tí ọmọ ẹlòmíì ti kùn dé àárín. Mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó ní "ẹ má bínú mà, a máa rí sí i." Títí dòní wọn ò tíì rí sí i, àmì búlúù méjì ló wà lábẹ́ gbogbo mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí mo tún fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ti ìwé fúnra ẹ̀. Kí n tó sanwó ó bi mí pé kíláàsì mélòó lọmọ yín lè kà mà, mo sọ òótọ́, mo ní praimáárì wáànù, ló bá lọ kó ìwé praimáárì wáànù jọ fún mi. Ológbò jókòó sórí ẹní. Ajá rí ológbò. Ológbò sá. Àkànní tó ń bá bàbá ẹ̀ jiyàn lórí 3SC bí ẹni pé òun ni kóòṣì, tó bi mí lọ́jọ́sí pé kí ló dé tí omi Ẹlẹ́yẹlé kì í gbẹ lọ́ọ̀ẹ̀rùn, òun lèmi jókòó tì tí mò ń sọ fún pé ológbò jókòó. Ó gbọ́ ojú ewé méjì, ó wo ojú mi, ó ní "Mọ́mì, ṣé torí mi ò mọ̀wé lẹ ṣe ń kà èyí fún mi?" Mo pa ìwé dé. Mo lọ sí kíṣìnì lọ dúró.

Ohun tí oníwèé yẹn ò mọ̀, témi náà ò sì tètè mọ̀, ni pé etí ọmọ àti ojú ọmọ kì í dàgbà pọ̀. Ojú Àkànní ṣì wà ní praimáárì wáànù, etí ẹ̀ ti wọ praimáárì fáìfù tipẹ́. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Gough àti Tunmer, ti kọ ọ́ láti 1986 pé nǹkan méjì ló ń para pọ̀ di ìwé kíkà, kéèyàn lè tú lẹ́tà sí ìró, àti kí èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ yéèyàn. Wọ́n ní ìlọ́po ni o, kì í ṣe àròpọ̀, tọ́kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ló ń yọ ọmọ tèmi lẹ́nu. Tí mo bá wá ń fi ìwé ológbò bọ́ etí ẹ̀ lójoojúmọ́, èkejì tó sanra náà á rù. Ìwé tí mo fẹ́ kà sí i létí ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé tóun fúnra ẹ̀ lè kà, ìwé méjì ọ̀tọ̀ ni, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, tí oníwèé bá tún bi yín ní kíláàsì mélòó, ẹ dá a lóhùn pé etí rẹ̀ lẹ ń ràwé fún.

Àǹtí mi kan tó ṣe Special Education ní UI ló gbà mí. Ó ní kí n gbà pé owó yẹn ti lọ, kí n lọ sí Agbowó, kí n má sì ra ìwé kankan tí mi ò bá fẹnu ara mi ka ojú ewé kan nínú ẹ̀ sókè lórí ìdúró. Mo ní sókè bíi ti báwo? Ó ní sókè, bó o ṣe máa kà á fún un nílé.

Ẹ mọ Agbowó níwájú UI, ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn onífotokópì, dẹ́rẹ́bà Micra tó ń pe Ọ̀jọ́ọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀, ẹni tó ń ta agbádo sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó tẹ́ ìwé tòkunbọ̀ àtèyí tí àwọn èèyàn ti kà tán sórí tábìlì pákó, wọ́n á tún kó ìyókù sínú àpò ṣìmẹ́ńtì nílẹ̀. Mo dúró, mo mú ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì dúró wò mí, ọ̀kan ní ṣé kò sí o. Bàbá yẹn fi èdè Ìbàdàn tó ki dáadáa dá a lóhùn, "Sé ẹ ò ríwèé tí wọ́n ń kà ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò, sebí ẹ máa ń tọ́ gààrí wò." Wọ́n fa bẹ́ǹsì fún mi. Mo lo wákàtí kan àtààbọ̀ níbẹ̀, ohùn mi há, mo ra omi tútù, mo tún ń kà lọ.

Nígbà téèyàn bá fẹnu kà á ni gbogbo àṣírí ìwé máa ń tú. Ìwé kan wà tó rẹwà lójú, àwòrán aláràbarà, mo ka gbólóhùn àkọ́kọ́, èémí mi tán kí n tó dé ibi àmì ìdúró. Bí èémí èmi tí mò ń kà bá tán, ẹ wo tẹni tó ń gbọ́ tó gbọ́dọ̀ di ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mú títí dé òpin ẹ̀. Òmíì, àwọn ọmọ mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, Táyọ̀, Táíwò, Tádé, Tọ́lá. Lórí ìwé ẹ lè rí ìyàtọ̀ wọn, létí Àkànní ọmọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, kò ní mọ ẹni tó jalè mọ ẹni tí wọ́n jà lólè. Òmíì ni ọ̀rọ̀ le jù nínú ẹ̀, mo máa ń ka iye ọ̀rọ̀ tí mo máa ní láti dúró ṣàlàyé, tó bá ti ju méjì mẹ́ta lọ lójú ewé kan, ìtàn ti já, mo dá a padà sínú àpò. Àti pé tí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́, tó jẹ́ pé bí igbó ṣe tutù àti bí oòrùn ṣe ràn ni wọ́n ń sọ, ọmọ mi á ti wà lábẹ́ àga kí n tó ṣí èkejì.

Ìwé tó gba ọkàn mi jù lọ́jọ́ yẹn ò ní èèpo ẹ̀yìn. Ó ti já dànù. Mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́, mi ò mọ ọdún tó jáde, àlọ́ Ìjàpá ni gbogbo ẹ̀, pélébé báyìí, ₦1,200. Nǹkan méjì ni mo fi rà á. Àkọ́kọ́, wọn ò yọ orin kúrò. Ìwé àlọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ láyé ìsinyìí, bẹ́ ẹ bá ṣí i, ìtàn nìkan ni, wọ́n á kàn kọ ọ́ pé "Ìjàpá bá kọrin", orin ọ̀hún dà? Orin yẹn sì ni ẹṣin àlọ́ fún ọmọ bíi tèmi. Ó máa ń padà wá, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, èmi á lé e, òun á gbè é, kó tó di ìgbà kẹta ó ti mọ̀ pé orin ń bọ̀, ó ti ń dúró dè é, ẹni tí kì í lè dúró de nǹkan kan.

Èkejì, àmì ohùn wà lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré nìyẹn. Ìwé Yorùbá kan ṣoṣo tó wà nínú páálí ₦24,000 yẹn, kò sí àmì kankan lórí ẹ̀, ohùn èèyàn á kàn máa fò sókè fò sódò ni. Mò ń kà á lọ lálẹ́ ọjọ́ kan, mo dé ibi tí ìyàwó àgbẹ̀ ti jí láàárọ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "o gbe oko le ejika", èmi náà ti sáré, mo kà á pé ó gbé ọkọ lé èjìká. Àkànní dìde jókòó. Ó ní "ó gbé ta ni?" Mo wò ó padà, ọkọ́ ni, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí ẹní, títí dọ̀la tí bàbá ẹ̀ bá ti fẹ́ jáde ó ń bi mí pé Mọ́mì ṣé ẹ ò ní gbé wọn lé èjìká ni. Ó dùn lẹ́ẹ̀kan ṣá. Lójú ewé kejì mo tún ṣi òmíì kà, lójú ewé kẹta pẹ̀lú, ìgbà tó yá kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́, ó sì rò pé òun ni ò gbọ́ dáadáa. Ọmọ tí wọ́n ti pè ní olódo, ara ẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń bínú sí. (Ìyá mi tó wá kí wa náà kà á fún un, ti wọn tún yàtọ̀, gbogbo ṣ di s, ọmọ ń tọ́ wọn sọ́nà, "Màmá, iṣu ni, kì í ṣe isu", wọ́n ní isu làwọn jẹ dàgbà.)

Ti òyìnbó, mo ra méjì lọ́wọ́ bàbá yẹn kan náà. Ọ̀kan ni Anna Hibiscus tí Atinuke kọ, tó kọ́kọ́ jáde ní 2007, Ìbàdàn níbí ni wọ́n bí i, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, bàbá oníwèé ló sọ fún mi, wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbẹ̀bí ẹ̀. Ìtàn kéékèèké ló wà nínú ẹ̀ tó dá dúró, bí mo bá ka ọ̀kan tán kò sí pé a ṣì ń bọ̀ lọ́la kó gbàgbé ibi tá a dé. Agboolé tó kún fún ẹbí ni wọ́n ń gbé, àǹtí, àbúrò, ìyá àgbà, àwọn àbúrò Anna ń jẹ́ Double àti Trouble, ìgbà tí mo kọ́kọ́ pe orúkọ yẹn ó ní kí n tún un pè. Ìkejì ni The Drummer Boy ti Cyprian Ekwensi, ti 1960, ọmọ afọ́jú kan tó ń jẹ́ Akin ló ń lùlù nínú ẹ̀. Mo fẹ́ràn eléyìí torí pé ìwé kan wà nínú páálí ọjọ́sí tí ọmọ arọ wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ tọ́mọ náà ń ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin ò ju pé kí àwọn èèyàn ṣàánú ẹ̀, ojú ewé tó gbẹ̀yìn ló dìde tó rìn nítorí pé ó gbọ́ràn sí ìyá ẹ̀ lẹ́nu. Mi ò kà á tán fún un. Kí ni mo fẹ́ kó gbọ́, pé tó bá gbọ́ràn tó lẹ́tà á dúró jẹ́ẹ́? Ti Akin, ìlù ẹ̀ lèèyàn máa rántí. Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò le, àmọ́ mo máa ń dúró láàárín ṣe ìtumọ̀ díẹ̀ sí Yorùbá, mi ò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Tówó ò bá sí rárá, African Storybook wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde, Yorùbá wà níbẹ̀. Ó dáa fún àwọn tó kéré, fún ọmọ ọdún 9 ó ti kúrú díẹ̀.

Bá a ṣe ń ṣe é nílé nìyí, torí ìwé tó dáa jù náà lè bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń kà á. Ìṣẹ́jú 12, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àárọ̀ kí ooru tó mú àti alẹ́. Mi ò ní kó wo ojú mi, mi ò ní kó jókòó dáadáa. Ẹ̀wà ni mo máa ń dà sínú fẹ̀rẹ̀ fún un pé kó bá mi ṣà, ọwọ́ ẹ̀ ń wá òkúta, etí ẹ̀ ń gbọ́ ìwé. Ẹ̀wà ilé wa mọ́ láìpẹ́ yìí ju ti gbogbo Àkóbọ̀ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan NEPA múná lọ, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù kàwé, ó dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì tútù, ẹsẹ̀ méjèèjì lára ògiri, ó ń yí ìdérí kóòkì lórí ikùn, mo ti sọ lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ti lọ. Mo wá fo ìlà kan torí oorun ń kùn mí. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ó ní "Mọ́mì, Yánníbo ò tíì dáhùn." Òótọ́ ni, ìdáhùn Yánníbo ni mo fò.

Mi ò sì kì í bi í ní ìbéèrè lẹ́yìn ìwé. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń bi í, kí ni orúkọ rẹ̀, kí ló rí lọ́jà, gbogbo ẹ̀ bá di ìdánwò, kò sì fẹ́ ìwé mọ́. Ìsinyìí tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ. Tó bá ní ká tún un kà, a tún un kà, àlọ́ kan wà nínú ìwé aláìléèpo yẹn tí mo ti kà tó ìgbà mẹ́jọ, ó ti sú mi dé ọrùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀ níbi tá ò rò. Bàbá ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó máa ń kà ránṣẹ́ bíi fóìsì nóòtì, ó máa ń gbọ́ tiwọn léraléra, kódà ohùn kọ̀ńdọ́ tó wà lẹ́yìn bàbá ẹ̀ ó ti mọ̀ ọ́n lórí.

Kẹ́nì kan má ṣi mí gbọ́ o. Kíkàwé sétí ò lè kọ́ ọmọ ní lẹ́tà. Ìyẹn lọ́tọ̀, 20 ìṣẹ́jú, yẹ̀pẹ̀ nínú àwo, ó ń fìka kọ lẹ́tà ó ń pe ìró ẹ̀, Yorùbá ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀ torí b tiwa, b náà ni níbi gbogbo, kò dà bíi Gẹ̀ẹ́sì tí though àti cough ò bára wọn mu rárá. Ẹ sì tún kọ́kọ́ lọ yẹ etí àti ojú ọmọ wò kẹ́ ẹ tó gbà pé dyslexia ni.

Nínú márùn-ún, páálí WhatsApp gba ookan lọ́dọ̀ mi, ookan yẹn sì jẹ́ ti ọkọ tí wọ́n gbé lé èjìká. Bàbá Agbowó gba mẹ́rin àtààbọ̀, mo yọ ààbọ̀ torí wọn kì í ní ṣéńjì, wọn ò sì gba tiráńsífà, mo ní láti lọ wá POS nínú oòrùn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ lọ láàárọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ tó gba àdúgbò, kẹ́ ẹ lè gbọ́ ohùn ara yín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo mú Àkànní dání lọ síbẹ̀, kóun náà lè gbọ́ ìwé kó tó gbà á. Bá a ṣe ń padà bọ̀, iwájú Micra ló jókòó sí, kò pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa àlọ́ yẹn fún dẹ́rẹ́bà, ìkan tá a ti kà lẹ́ẹ̀mejọ, tòun torin. Dẹ́rẹ́bà pa rédíò. Obìnrin tó gbé adìẹ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń gbè é. Mo pariwo pé General Gas wà o, General Gas, dẹ́rẹ́bà ò dá mi lóhùn, ó ti kọjá ẹ̀ dáadáa kó tó páàkì, ó sì yíjú sí ọmọ mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, Ìjàpá wá jáde nínú ihò yẹn àbí kò jáde?"